Axolotl kíláàsì tí kò jẹun mọ́: ẹ wo omi kí ẹ tó wo ẹran

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ́nù, àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni mò ń kọ́. Nítorí géèmù Minecraft, axolotl, ẹran inú omi kan tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́, ni gbogbo wọn ń pariwo. A dá owó jọ, a sì ra ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16. Ọjọ́ kan náà la ra òun àti táǹkì lítà 40, òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà, àti ẹ̀rọ amómigbóná, torí ẹni tó tà á fún wa ní ilẹ̀ tó gbóná ni Mẹ́síkò. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń da omi rẹ̀ nù pátápátá, mo sì ń fi omi gbígbóná fọ asẹ́ rẹ̀ kó lè mọ́ tónítóní. Ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí tí kò jẹun. Ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ká kò, ohun funfun bí òwú sì ti ń hù lára ìyẹ́ kan. Ẹnìkan ní ó fẹ́ di ẹran orí ilẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Ìbàdàn náà ń bèèrè bóyá òun lè sin ọ̀kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun."

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àníyàn. Kò fẹ́ di ẹran orí ilẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ yìí ni ìrísí ẹran tí omi ń ni lára: omi náà gbóná jù, ìdọ̀tí tí ojú kò rí sì ti di májèlé nínú rẹ̀. Méjèèjì ló ṣeé tún ṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ yọ ẹ̀rọ amómigbóná yẹn kúrò níná. Ẹ wá ike ńlá kan tí ọṣẹ kò kàn rí, tó gba lítà 15 sí 20, ẹ fa omi ẹ̀rọ sí i, kí ẹ sì kán oògùn tó ń pa chlorine (ohun tí wọ́n ń fi pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ) sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹ fi tẹmómítà wọn omi tuntun yìí àti omi táǹkì. Tí táǹkì bá wà ní 26°C tí omi ẹ̀rọ sì jẹ́ 17°C, ẹ má gbé e láti inú èkíní sínú èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ po omi náà kó tó 23°C, ẹ gbé e sínú rẹ̀, kí ẹ wá gbé ike náà sí yàrá tó tutù jù nílé-ẹ̀kọ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ títí di alẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e. Abọ́ ni kí ẹ rì sínú omi, kí ẹ darí rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì gbé tòun tomi. Awọ rẹ̀ ní ọ̀rá yíyọ̀ kan tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn, egungun rẹ̀ sì rọ̀. Ìka tó le lè ṣe méjèèjì léṣe. Ẹ fi aṣọ bo ìdajì ike náà kó lè ṣókùnkùn. Láti ọ̀la lọ, ẹ máa pààrọ̀ gbogbo omi ike náà lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi tí ìtutù rẹ̀ bá ti àná mu tí ẹ sì ti pa chlorine rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, ṣebí pípààrọ̀ gbogbo omi gan-an ni mo fẹ́ bá yín wí lé lórí? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ táǹkì yàtọ̀ sí ike. Axolotl ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù sì ń jẹrà. Gbogbo rẹ̀ ló ń di ammonia. Ammonia kò ní àwọ̀, omi lè mọ́ gaara bí èyí tí ẹ ń mu kó sì máa jó ìyẹ́ tí ẹran yìí fi ń mí. Nínú táǹkì tó ti gbó, oríṣi bakitéríà méjì ló ń bá a yanjú rẹ̀. Èkíní ń jẹ ammonia, ó ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé lèyí náà. Èkejì ń jẹ nitrite, ó ń sọ ọ́ di nitrate, èyí tí ẹran náà lè fara dà tí kò bá ju mílígíráàmù 20 sí 40 lọ nínú lítà kan. Inú asẹ́ omi ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, ìyókù wà lára gíláàsì àti nínú iyanrìn. Nínú omi gan-an, díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń pọ̀ tó láti gbé ìdọ̀tí axolotl kan. Ẹ̀yin ra táǹkì àti ẹran lọ́jọ́ kan náà, bakitéríà kankan kò tíì sí níbẹ̀. Àwọn tó sì ń gbìyànjú láti hù, omi gbígbóná ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pa wọ́n. Ìmọ́tótó lẹ pè é, ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ ilé ni ẹ̀ ń lé jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ á ti kún.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Nínú ike, tí kò ní asẹ́, ọwọ́ yín ni asẹ́, omi tuntun lójoojúmọ́ ló ń gbé ammonia lọ. Nínú táǹkì tó ṣófo, ẹ̀ ń gbin bakitéríà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbin wọ́n sínú táǹkì lítà 40 yẹn, torí ó kéré. Axolotl yín á tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 kí ọdún méjì tó pé. Lítà 75 ni ó kéré jù fún àgbà kan, 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì tẹ́ mi lọ́rùn fún kíláàsì, torí omi púpọ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè bàjẹ́. Kó gùn kó sì fẹ̀, má ṣe ra èyí tó ga bí òpó. Ìsàlẹ̀ ni ẹran yìí ń rìn. Ẹ lè wá èyí tí ẹlòmíràn ti lò, tí kò jò, kí ẹ fi omi àti ọtí kíkan funfun fọ̀ ọ́, láìfi ọṣẹ kàn án.

Gbígbìn náà rèé. Ẹ kún táǹkì pẹ̀lú omi tí ẹ ti pa chlorine rẹ̀, ẹ tan asẹ́, ẹ má sì paná rẹ̀ mọ́. Asẹ́ onítìmùtìmù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré ń lò ló dáa jù, torí pé kì í fa omi kíkankíkan. Omi tó ń sáré náà máa ń mú kí ìyẹ́ tẹ̀ síwájú kí ìrù sì ká. Ẹ ra ammonia aláìlábùlà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe èyí tó ní ọṣẹ tàbí òórùn dídùn, kí ẹ kán an títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Ẹ fi àyẹ̀wò onígò, èyí tí wọ́n ń kán sínú ọ̀pá gíláàsì, yẹ ammonia, nitrite àti nitrate wò ní ọjọ́ méjì-méjì. Èyí tó dà bí bébà pélébé kì í sábà sọ òótọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó lè dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ammonia á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nitrite á gòkè fíofío, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sú àwọn èèyàn. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ máa kán ammonia sí i tí ti tẹ́lẹ̀ bá tán. Ọjọ́ tí ẹ bá kán 2 sí i lónìí, tí ammonia àti nitrite sì jẹ́ òfo lọ́la ní wákàtí kan náà, tí nitrate nìkan pọ̀, táǹkì ti gbó. Ẹ pààrọ̀ omi tó pọ̀ kí nitrate lè wálẹ̀, kí ẹ wá dá ẹran padà. Tí ọ̀rẹ́ yín kan bá ní táǹkì tí ẹja rẹ̀ le koko, ẹ tọrọ tìmùtìmù ìdọ̀tí látinú asẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e wá ní tútù. Ó lè gé ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kúrò nínú ìdúró yẹn.

Láti ìgbà náà lọ, ìdá kan nínú márùn-ún omi, tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin, ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Tí asẹ́ bá dí, inú korobá omi táǹkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde ni kí ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, kí ẹ sì dá a padà bó ṣe pọ́n. Kò gbọ́dọ̀ funfun. Ní ti chlorine, ẹ kò sọ bóyá ẹ ń lo oògùn rẹ̀. Àwọn kan ń gbé omi sílẹ̀ mọ́jú kí chlorine lè fò lọ. Ìyẹn kò ran omi tí wọ́n fi chloramine, ìyẹn chlorine tí wọ́n pò mọ́ ammonia, sí lọ́wọ́, torí chloramine kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ra oògùn tó kọ ọ́ sára pé òun ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, kí ẹ sì yẹra fún èyí tí wọ́n bá po aloe vera mọ́. Ohun kan wà tí Lọ́ńdọ́nù fi ṣàánú yín: omi ibẹ̀ le, èyí tó ń ya funfun sí ìdí kẹ́tùlù, irú rẹ̀ ni axolotl sì fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbóná ló kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì ju gbogbo ohun mìíràn lọ. Ẹni tó ní kí ẹ ra ẹ̀rọ amómigbóná kò mọ ibi tí ẹran yìí ti wá. Adágún Xochimilco àti Chalco, ní àfonífojì tí Ìlú Mẹ́síkò wà, nìkan ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé. Wọ́n ti fa omi Chalco gbẹ. Xochimilco náà kò ju àwọn odò tóóró tó ń gba àárín oko kọjá lọ mọ́. Ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 2,240 ga ju òkun lọ, gíga yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí omi rẹ̀ gbóná bí ti ilẹ̀ olóoru yòókù. 16 sí 18°C ló ba ẹran yìí lára mu. Láti 14 dé 20 kò burú. Tó bá ti ju 22 lọ, ìnira á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a. Ní 24 sókè, ewu ni, bí kò tilẹ̀ kú lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo bí ooru ṣe ń pa á. Omi tó wà ní 18°C lè gba mílígíráàmù 9.5 atẹ́gùn oxygen nínú lítà kan. Ní 26°C, bíi 8.1 ni. Bẹ́ẹ̀ ara tó gbóná ń béèrè oxygen púpọ̀ sí i, kì í ṣe díẹ̀. Ammonia kan náà tún ń le sí i bí omi ti ń gbóná, pàápàá nínú omi líle bíi tiyín tí pH rẹ̀ ga, torí pé apá tó ń wọ ara nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn sì nífẹ̀ẹ́ ooru. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ pé oúnjẹ ló sú u tàbí àrùn ló mú u, nígbà tó jẹ́ pé omi gbígbóná ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn.

Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ìgbóná omi sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ láti Jímọ̀ lè dà bí ààrò. Ibi tí táǹkì wà ṣe pàtàkì: kó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, sí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná nígbà òtútù, àti sí kọ̀ǹpútà. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ojú omi lè mú un wálẹ̀ ní 2 sí 4°C. Omi á máa gbẹ, ẹ ó máa fi omi tí ẹ ti pa chlorine rẹ̀ kún un, ìdérí táǹkì á sì di ti àwọ̀n. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ o, axolotl ń fò jáde. Ìgò omi dídì tó ń léfòó nínú táǹkì wà fún pàjáwìrì nìkan. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sá lọ bá, àmọ́ ó ń mú omi tutù lójijì, ó ń yọ́, omi tún ń gbóná padà. Gíga-sísọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ń ni ẹran náà lára. Yìnyín kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú omi ní tààrà, chlorine wà nínú rẹ̀. Ohun tó dájú ni ẹ̀rọ amómitutù, tó ń fa omi wọlé tó sì ń dá a padà ní ìwọ̀n tí ẹ yàn. Ó ń dún, owó rẹ̀ sì lè ju ti ẹran, táǹkì àti gbogbo ohun mìíràn tí ẹ rà lọ lápapọ̀. Tí omi yín bá ju 20°C lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, tí fáànù kò sì ká a, mi ò rí ọ̀nà míì tí ẹ lè gbà láìra á.

Ní ti dídi ẹran orí ilẹ̀, mo mọ ibi tí ẹni yẹn ti gbọ́ ọ. Axolotl kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe alángbá. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn ẹran tó ń bẹ̀rẹ̀ ayé nínú omi. Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń fi ìgbà légbénlégbé sílẹ̀, á yọ ẹsẹ̀, ìrù á wọlé, á sì gòkè. Axolotl kì í fi ìgbà ọmọdé rẹ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹ́ yẹn ló ń dàgbà, pẹ̀lú rẹ̀ ló ń yé ẹyin, pẹ̀lú rẹ̀ ló sì ń kú, lẹ́yìn ọdún 10 sí 15 tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ọ̀kan yí padà. Nígbà tí àwọn kan dé Paris ní 1864, tí Auguste Duméril, onímọ̀ nípa ẹranko, sì ń sìn wọ́n ní Jardin des Plantes, ọgbà ewéko àti ẹranko tó wà níbẹ̀, àwọn kan nínú ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ pàdánù ìyẹ́ wọn, wọ́n sì gòkè. Àmọ́ àmì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí. Ìyẹ́ á máa kúrú lójoojúmọ́, awọ pẹlẹbẹ tó wà lókè ìrù á máa wọ ara lọ, ojú á yọ síta, ìpéǹpéjú á hù. Tiyín gùn bó ṣe wà, ó kàn tẹ̀ síwájú ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kán iodine sínú omi kó lè tètè yí padà, ẹ má dá a lóhùn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi tipátipá yí padà kì í pẹ́ láyé.

Ohun funfun bí òwú yẹn jẹ́ èèhù, irú èyí tó ń bo búrẹ́dì tó ti bàjẹ́, tó ń hù lára ibi tó ti gbọgbẹ́ tàbí tó ti rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fún omi tútù tó mọ́ ní ọjọ́ méjì kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, torí ó máa ń já fúnra rẹ̀ nígbà míì. Tí kò bá dín kù, iyọ̀ ló kàn: iyọ̀ tí kò ní iodine, tí wọn kò sì po ohunkóhun mọ́ kó má baà dì, ṣíbí tíì méjì sí mẹ́ta nínú lítà kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 15. Ẹ po ó yọ́ tán nínú omi tó tutù bí ti ike, ẹ gbé ẹran sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láé, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iyọ̀ ń jó awọ àti ìyẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa mú. Tó bá ń jà kitikiti nínú rẹ̀, ẹ gbé e jáde. Tí ọgbẹ́ bá pọ̀ sí i, tó bá ń léfòó láìlè sọ̀ kalẹ̀, tí ìyẹ́ rẹ̀ bá funfun báláú, tàbí tó bá tó ọjọ́ mẹ́wàá nínú omi tútù láìjẹun, ó ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi lẹ́tà tọ́jú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa àwọn ẹran bí ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá; kì í ṣe gbogbo dókítà ajá ló mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ bèèrè.

Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà yẹn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Axolotl kì í bu nǹkan jẹ. Ó ń yanu lójijì, omi á rọ́ wọlé, ohun tó bá wà níwájú á bá omi wọlé, òkúta náà pẹ̀lú. Ó lè dí ìfun rẹ̀ pa, ó sì ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí kò fi jẹun, torí náà ẹ máa wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń yàgbẹ́. Iyanrìn kíkúnná ló dáa, tàbí ìsàlẹ̀ lásán. Ìkòkò amọ̀ tí ẹ gbé dùbúlẹ̀, tí etí rẹ̀ kò mú, á tó fún ibi ìsápamọ́. Kò ní ìpéǹpéjú, iná tó mọ́lẹ̀ gan-an ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ekòló ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Kò sí oúnjẹ tó dáa tó o: ó pé ní èròjà, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú omi, àwọn ọmọ sì lè sin ín nínú ike erùpẹ̀ ní igun kíláàsì. Kó má ti inú ọgbà tí wọ́n ń fín oògùn wá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e sí ìwọ̀n tí kò fẹ̀ ju àlàfo ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ní ìwọ̀n tirẹ̀ báyìí, lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ méjì-méjì. Tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 18 tàbí 20, Ajé, Ọjọ́rú àti Jímọ̀ ti tó, òpin ọ̀sẹ̀ kò sì ní pa á lára. Ẹ yọ àjẹkù kúrò láàárín ìdajì wákàtí. Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ ń kó kòkòrò wá, ẹja tó bá sì ń bá a gbé nínú táǹkì á máa já ìyẹ́ rẹ̀ jẹ.

Àwọn ọmọ yín á ti sọ fún yín pé ohun tó bá gé lára rẹ̀ á hù padà. Òótọ́ ni: ẹsẹ̀, ìrù, ọ̀pá ẹ̀yìn, kódà apá kan nínú ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń sìn ín; ní 2018 wọ́n ka gbogbo lẹ́tà DNA rẹ̀, bílíọ̀nù 32, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá tiwa. Ẹ kọ́ wọn. Ẹ sì kọ́ wọn pé ara tó ń hù padà ń dùn ún nígbà tó gé, àti pé inú omi tó bàjẹ́ kò ní hù dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ní 1998, wọ́n ṣírò nǹkan bíi 6,000 axolotl nínú kìlómítà onígun mẹ́rin kan ní Xochimilco. Nígbà tó fi máa di 2014, nǹkan bíi 36 ló kù. Ìdọ̀tí ìlú wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja carp àti epìyà, epìyà tí àwa mọ̀ sí ẹja ọbẹ̀, tí wọ́n dà síbẹ̀ fún oúnjẹ tó sì wá ń jẹ ẹyin rẹ̀. Èyí tó wà ní kíláàsì yín, inú ìgbèkùn ni wọ́n bí i. Kò ṣeé dá padà síbẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ kan adágún kékeré ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yín: òun, omi rẹ̀, ewéko rẹ̀ tàbí àwọ̀n tí ẹ lò fún un, torí àrùn awọ tó lè wà lára rẹ̀ lè pa àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti newt, ìbátan axolotl, tó ń gbé níbẹ̀. Inú ṣáláńgá ni kí ẹ da omi ìdọ̀tí sí. Kí gbogbo ọwọ́ tó bá wọ omi fi ọṣẹ fọ̀, nítorí Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ni mo bẹ̀rù jù fún yín. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ gbogbo iná kíláàsì kí owó iná má baà pọ̀. Tí asẹ́ bá dúró fún wákàtí mélòó kan, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí ẹ̀rọ amómitutù bá dúró nínú oṣù Kẹjọ, ẹran á tẹ̀lé wọn. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu iná, kí ẹ sì bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lójúkojú. Mo fara mọ́ ọn ju pé kí àgbàlagbà kan gbé e lọ sílé tòun táǹkì: tìmùtìmù asẹ́ nínú korobá omi táǹkì kó má gbẹ, ẹran nínú ike onídèérí nínú àpò tó ń pa òtútù mọ́, kí wọ́n to táǹkì padà ní wákàtí kan náà. Ẹ má fi lé òbí kan lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Animal Welfare Act ti 2006, òfin ìtọ́jú ẹran níbẹ̀, gbé ojúṣe ẹran lé ẹni tó ni ín tàbí tó ń tọ́jú rẹ̀ lórí. Kíláàsì kì í ṣe ẹnìkan, ìgbìmọ̀ òbí kì í ṣe ẹnìkan. Òfin kò béèrè ìwé àṣẹ fún axolotl ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òǹkàwé tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè, torí California àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kan kò gbà á.

Ṣé kí ẹ ṣì máa sìn ín ní kíláàsì? Tí ẹnìkan bá gbà pé òun ló ni ín fún ọdún mẹ́wàá, kódà tó bá kúrò nílé-ẹ̀kọ́ náà, tí owó ẹ̀rọ amómitutù sì wà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹran tó dákẹ́, tí kò béèrè pé kí wọ́n gbé òun, ń kọ́ ọmọdé ní wíwò, èyí tí ehoro kò lè kọ́ wọn. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, ẹ wá ẹni tó ní táǹkì tó ti gbó, tó tutù, kí ẹ fún un, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má sì ra èkejì nítorí pé ẹ rò pé ọ̀kan ń dá nìkan wà. Axolotl kì í wá ẹgbẹ́, àwọn kékeré ń gé ara wọn lẹ́sẹ̀ jẹ, akọ àti abo sì lè fún yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín n'Ìbàdàn, ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Omi tó bá dúró nínú yàrá níbẹ̀ kì í sábà tutù tó bí axolotl ṣe fẹ́, kódà lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀rọ amómitutù á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ọjọ́ tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́jọ tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ọjọ́ náà ni wàhálà dé. Orúkọ rẹ̀ tún wà nínú ìwé àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣọ́ òwò ẹranko ìgbẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tí Nàìjíríà bọwọ́ lù, kò sì ṣeé kó wọ̀lú láìsí ìwé. Ohun tó sàn jù wà létí gọ́tà ilé-ẹ̀kọ́ wọn nígbà òjò, ọ̀fẹ́ ni, ooru Ìbàdàn sì bá a lára mu. Kí wọ́n bu légbénlégbé mẹ́wàá pẹ̀lú omi tí wọ́n bá wọn nínú rẹ̀, sínú abọ́ fífẹ̀ tó wà níbòji, kí wọ́n fún wọn ní ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n bọ̀ rọ̀, kí wọ́n máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì, kí wọ́n gbé òkúta kan tó yọ sókè sínú rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kí wọ́n sì dá wọn padà síbi tí wọ́n ti bu wọ́n tí wọ́n bá ti di ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ọmọ Ìbàdàn á rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ hàn lára légbénlégbé. Lára axolotl tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ti iwájú ló ń kọ́kọ́ yọ. Kí kíláàsì méjèèjì ya èyí tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ síra wọn, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ohun tó fà á.